Ṣé kí èmi àti ọmọ ọkọ mi jọ wo Snow White?

Ẹ kú ilé o, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ìyá ọmọ yìí ti ṣaláìsí kí n tó wọlé ọkọ mi. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni, kò sì tíì ju oṣù méjì lọ tó bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí ní Mọ́mì. Mo ṣèlérí pé a máa jọ wo Snow White, fíìmù àwòrán tí Disney ṣe ní 1937, ní Sátidé, torí òun ni mo fẹ́ràn jù ní kékeré. Lálẹ́ àná ni mo kọ́kọ́ dá a wò, àyà mi já. Mo ti gbàgbé pé ìyàwó bàbá ni ìkà inú ẹ̀! Ó ní kí ọdẹ lọ pa ọmọ, kó kó ọkàn rẹ̀ sínú àpótí wá fún òun. Ṣé kí n wá nǹkan míì fún un ni?

Ìyá Ìbejì: Gbé e tì, jàre. Ibi tó ti ń sá nínú igbó, tí ẹ̀ka igi di ọwọ́ tó ń fà á láṣọ, ọjọ́ mẹ́ta lọmọ mi ò fi jẹ́ ká paná sùn.

Bọ̀ọ̀dá Tíṣà: Ẹ má bínú o, ẹrù ẹlẹ́rù ni ìyàwó bàbá rù níbẹ̀. Nígbà tí tẹ̀gbọ́n-tàbúrò Grimm kọ́kọ́ tẹ ìtàn náà ní Jámánì ní 1812, ìyá tó bí ọmọ gan-an ló ń jowú ẹwà rẹ̀. Inú ìwé ti 1819 ni wọ́n ti sọ ọ́ di ìyàwó bàbá. Àwa náà ṣáà ní àlọ́ ọmọ orogún tiwa. Ìyàwó bàbá mi ló ń pa á fún mi! Tó bá kan ìkà yẹn, á fojú ṣe bí ẹni fẹ́ gbé mi mì. Ẹ̀rín ni mo máa ń rín.

Àdùnní: Ìṣẹ́jú 83 péré ni. Jókòó tì í, kí rímóòtù wà lọ́wọ́ rẹ. Fo igbó yẹn, fo ibi tí ọbabìnrin, ìyàwó bàbá yẹn, ti mu oògùn tó fi di arúgbó. Ẹ pẹ́ díẹ̀ níbi tí ọ̀kẹ́rẹ́ ti ń fi ìrù gbálẹ̀.

Ẹni tó béèrè: Ẹ ṣé gan-an ni. A ti wò ó. Igbó nìkan ni mo fò. Nígbà tó kan ibi tí ìyàwó bàbá ti fún Snow White ní ápù olóró jẹ, ọmọ mi wò mí, ó wo tẹlifíṣọ̀n, ó tún wò mí. Èmi náà yí ojú po bíi ti ìyàwó bàbá Bọ̀ọ̀dá Tíṣà, ló bá bú sẹ́rìn-ín. Àmọ́ láti ìgbà yẹn, tí n bá gé ápù fún un, àfi kí n kọ́kọ́ jẹ níbẹ̀.