Èló ni ẹ́ńjìnnì mọ́tò yóò ná mi kí ó tó lè gbé bàálù?

Olùbéèrè: Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o. Texas ni mò ń gbé, bàálù Pietenpol Air Camper oníjókòó méjì ni mo sì ń fi pákó kàn lọ́wọ́ nínú gáréèjì mi. Bernard Pietenpol tó ya àwòrán rẹ̀ ní Minnesota fi ẹ́ńjìnnì Ford Model A gbé e fò ní 1929. Nígbà tó yá, ó tún lo ti mọ́tò Chevrolet Corvair. Corvair yìí ló wù mí. Ẹnì kan fẹ́ ta ògbólógbòó kan fún mi ní 500 dọ́là, nígbà tí Rotax 912 ULS tuntun, ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ṣe fún bàálù, ju 20,000 dọ́là lọ. Ìyàwó mi ní kí n kọ gbogbo ìnáwó rẹ̀ sílẹ̀ kí n tó fọwọ́ kan owó ilé. Kí ni kí n kọ?

Bàbá Ìbejì: Arákùnrin wa, kíráńkì, irin tí àwọn pístínì ń yí nínú ẹ́ńjìnnì, ni kí ẹ kọ́kọ́ kọ. Nínú bàálù yìí, abẹ̀bẹ̀ iwájú ni yóò so mọ́ kíráńkì tààrà, ìgbàkigbà tí imú bàálù bá sì yí, abẹ̀bẹ̀ náà á máa fẹ́ tẹ̀ ẹ́, bẹ́ẹ̀ wọn kò ṣe ti mọ́tò fún irú wàhálà bẹ́ẹ̀. Ó ti ṣẹ́ mọ́ àwọn kan lójú òfuurufú rí. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí fi ń fi bíárìnì karùn-ún, ohun tí kíráńkì ń yí lórí rẹ̀, kún mẹ́rin tó wà nínú ẹ́ńjìnnì Corvair. Kí ẹ tó san 500 dọ́là yẹn, ẹ ní kí wọ́n fi òòfà àti lẹ́búlẹ́bú irin yẹ kíráńkì náà wò. Bí ó bá ti sán, lẹ́búlẹ́bú yẹn á tò sójú ibẹ̀ bí òwú tín-ínrín. Bí ẹ bá ti rí i, ẹ má gbà á lọ́fẹ̀ẹ́ pàápàá.

Ìyá Kọ́lá: Nígbà tí ọkọ mi kọ́ tirẹ̀, èmi ni mo ń kọ ìnáwó sílẹ̀. Owó ògbólógbòó ẹ́ńjìnnì náà ló kéré jù nínú ìwé wa. Ẹ kọ pístínì àti sìlíńdà tuntun, kabúrétọ̀, ètò iná méjì kí ọ̀kan lè ṣiṣẹ́ bí èkejì bá kú, irin tí ẹ́ńjìnnì yóò jókòó lé, páìpù èéfín, àti abẹ̀bẹ̀ fúnra rẹ̀. Ẹ tún kọ epo ìdánwò: wákàtí 40 ti fífò ìdánwò ni FAA, àjọ tó ń bójú tó bàálù ní Amẹ́ríkà, sábà máa ń béèrè fún ẹ́ńjìnnì mọ́tò, láìgbé èrò kankan, ṣùgbọ́n 25 ni bí ẹ́ńjìnnì àti abẹ̀bẹ̀ bá jẹ́ èyí tí wọ́n ti fọwọ́ sí pa pọ̀. Bí ẹ bá ń jó gálọ́ọ̀nù 5 ní wákàtí kan, wákàtí 15 tí 40 fi ju 25 lọ á jó gálọ́ọ̀nù 75 lé e.

Àbúrò Ẹlẹ́rọ: Ẹ̀gbọ́n, Subaru ńkọ́?

Bàbá Ìbejì: Subaru lágbára, ṣùgbọ́n eré tó ń sá kí agbára rẹ̀ tó jáde pọ̀ ju èyí tí abẹ̀bẹ̀ fẹ́ lọ, nítorí náà ẹ ó ra gíà tí yóò dín in kù, ẹ ó sì wá àyè fún rédíétọ̀ àti omi rẹ̀. Corvair kò nílò ìkankan nínú wọn. Ní tèmi o, bí ó bá jẹ́ pé fífò lẹ fẹ́ràn ju kíkan irin lọ, ẹ wá Continental A-65, ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ṣe fún bàálù, tòkunbọ̀ tó ní ìwé ìtọ́jú rẹ̀ lọ́wọ́.

Olùbéèrè: Ẹ ṣeun gan-an. Bí ẹni tó ń tà á bá gbà kí n tú u kí n tó sanwó, n óò gbé kíráńkì lọ fún àyẹ̀wò. Bí kò bá gbà, A-65 ni n óò máa wá.