Ṣé kí a gbé títa ilé búrẹ́dì wa lé alágbàtà lọ́wọ́?

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, mo kí yín o. Ilé búrẹ́dì ni èmi àti ọkọ mi ń ṣe ní Abẹ́òkúta, a sì ti forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí kọ́ńpìnnì lọ́dọ̀ CAC. Ara ọkọ mi kò gba iṣẹ́ òru mọ́, àwọn ọmọ wa kò sì fẹ́ ṣe é, nítorí náà a fẹ́ tà á fún ẹni tí yóò máa bá iṣẹ́ náà lọ, kí àwọn òṣìṣẹ́ wa má baà fọ́n ká. Alágbàtà kan fẹ́ gba ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún owó tí a bá tà á, kí a tún san owó ìpolówó sílẹ̀, kí a sì fọwọ́ sí i pé fún ọdún kan, òun nìkan ni yóò ní àṣẹ láti tà á. Ẹ̀rù ń bà mí pé bí ẹni tó ń kó fúláwà fún wa láwìn bá gbọ́, yóò dáwọ́ dúró.

Agbẹjọ́rò kan, Ìkẹjà: Ẹ kú iṣẹ́, mà. Alágbàtà wúlò, ṣùgbọ́n ẹ má fọwọ́ sí ìwé yẹn bó ṣe wà. Ẹ kọ́kọ́ pinnu bóyá ìpín yín nínú kọ́ńpìnnì ni ẹ fẹ́ tà, tàbí ẹ̀rọ àti ọjà nìkan. Bó bá jẹ́ ìpín, kọ́ńpìnnì náà kò yí padà, tòun ti ìforúkọsílẹ̀ búrẹ́dì yín lọ́dọ̀ NAFDAC àti gbèsè àti owó orí tó wà lọ́rùn rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí olùrà yóò fi tú ìwé ìṣirò yín wò fínnífínní. Bó bá jẹ́ ẹ̀rọ nìkan, gbèsè ṣẹ́kù sí yín lọ́rùn, olùrà yóò sì lọ gba nọ́ńbà NAFDAC tirẹ̀. Alágbàtà tí kò bá bi yín léèrè èyí kò tíì mọ ohun tó fẹ́ tà.

Ní ti owó rẹ̀, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìgbà tí owó bá wọ àkáǹtì yín ni ẹ̀tọ́ rẹ̀ tó pé, kì í ṣe ìgbà tó bá mú olùrà wá. Owó olùrà kò gbọdọ̀ gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá rárá; ọ̀dọ̀ agbẹjọ́rò ni kó wà títí ẹ ó fi fọwọ́ sí gbogbo ìwé. Oṣù mẹ́fà tó fún àṣẹ òun nìkan.

Ìyá Oníkẹ́míìsì, Ìbàdàn: Kí ìpolówó má dárúkọ yín, "ilé búrẹ́dì kan ní Ìpínlẹ̀ Ògùn" ti tó. Kí olùrà fọwọ́ sí ìwé pé òun yóò pa àṣírí yín mọ́ kó tó mọ orúkọ yín, kó sì wá nígbà tí òṣìṣẹ́ kò sí nílé, torí bí àlejò bá ń ka páànù búrẹ́dì lójú wọn, kí ilẹ̀ tó ṣú, oní-fúláwà yín ti gbọ́.

Bàbá Oníbúrẹ́dì, Ìlọrin: Èmi kò rí ìdí owó àsansílẹ̀ yẹn. Ó ṣeé ṣe kí ọ̀gá òṣìṣẹ́ yín tàbí oníbúrẹ́dì mìíràn tí ẹ ti mọ̀ fẹ́ rà á. Ẹ kọ orúkọ wọn sínú àdéhùn gẹ́gẹ́ bí ẹni tí alágbàtà kò ní gba kọ́bọ̀ lórí rẹ̀.

Ẹni tó béèrè: Ẹ ṣeun gan-an ni. A háyà ilé náà ni. Ṣé ìyẹn yí nǹkan padà?

Agbẹjọ́rò kan, Ìkẹjà: Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ẹ ka ìwé àdéhùn ilé náà lónìí, nítorí pé ọ̀pọ̀ irú rẹ̀ kò gbà kí a gbé ilé fún ẹlòmíràn láìgba àṣẹ onílé. Ẹ gba àṣẹ náà ní kíkọ sílẹ̀ kí ìpolówó tó jáde.