Ẹ̀yin tí ẹ ti gun alùpùpù la gúúsù Áfíríkà kọjá pẹ̀lú ọ̀rẹ́, ẹ bọ́ síbí

ỌmọAkin_Jozi
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin èèyàn mi. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan fẹ́ gun alùpùpù láti Johannesburg dé Livingstone ní Zambia. A fẹ́ gba Botswana lọ, ká wá gba Namibia bọ̀. August la fojú sí torí kò ní sí òjò, oòrùn ò sì tíì ní mú jù. Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣe irú ẹ̀ rí, ẹ wá sọ tiyín. Mo ti wo ti YouTube sú. Ohun tójú yín rí gan-an ni mo fẹ́ gbọ́.

Jagun_Gaborone
Erin.

AdùnníDurban
Jagun, kí ni "erin"? Ṣé bí wọ́n ṣe ń sọ ìtàn nìyẹn?

Jagun_Gaborone
Mò ń jẹun lọ́wọ́. Mò ń bọ̀.

Baba_Máṣínì
Ẹ kọ́kọ́ bi í bóyá ó ti san gbèsè máṣínì ọ̀hún tán ná. Bí owó báǹkì bá ṣì wà lọ́rùn ẹ̀, lẹ́tà báǹkì ni wọ́n máa béèrè lọ́wọ́ rẹ kó o tó gbé e jáde ní South Africa. South Africa, Botswana, Namibia, Lesotho àti Eswatini jọ wà nínú ẹgbẹ́ kọ́sítọ́ọ̀mù kan náà, torí náà ìwé máṣínì ò fi bẹ́ẹ̀ ní wàhálà láàárín wọn. Zambia ni kó o múra sílẹ̀ fún. Wàá gba ìwé ìgbà díẹ̀ fún máṣínì, wàá ra adójútòfò tiwọn, wàá san owó títì. Wọ́n tiẹ̀ ń gba owó èéfín. Gbogbo ẹ̀, fèrèsé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ní sùúrù, má sì bá àwọn ọmọkùnrin tó máa sáré pàdé ẹ lẹ́nu ọ̀nà sọ̀rọ̀.

ỌmọAkin_Jozi
Baba, ẹ ṣé gan-an ni. Mo ti kọ ọ́ sílẹ̀.

Ọláìyá
Tèmi rèé o, ó gùn díẹ̀.

Honda 250 ni mo gùn. Ọ̀rẹ́ mi gun BMW 1200 kan tí ìdí ẹ̀ tó ti màlúù. Nígbà tá à ń múra nílé, kò sẹ́ni tó rò ó pé ìyẹn máa di ọ̀rọ̀. A gba Martin's Drift wọ Botswana, a kọjá Palapye, a kọjá Francistown. Títì yẹn dán, ó tọ́ gbọnrangandan, kò sí nǹkan kan níbẹ̀ ju kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ tó ń fẹsẹ̀ wọ́lẹ̀ lójú ọ̀nà bí ẹni pé bàbá wọn ló ni ín. Òun ń sá 130. Èmi, tí mo bá fún un ní gbogbo ohun tó wà níkùn ẹ̀, 95.

Tó bá ti já mi sílẹ̀ tán, á lọ dúró sábẹ́ igi kan níwájú. Á bọ́ akoto, á mu omi, á na ẹsẹ̀, á máa jẹ ẹran gbígbẹ. Kí n tó dé, ara ẹ̀ ti balẹ̀ pátápátá. Mo ń dé báyìí, n ò tíì paná máṣínì, òun ti ń de okùn akoto: "Ó yá, ká máa lọ." Èmi tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé! Gbogbo ìsinmi tá a ṣe láti bọ́dà dé Nata, òun nìkan ló ṣe é.

Tẹ̀mí_CapeTown
"ÓÓÓ YÁÁÁ, KÁ MÁA LỌ" 😭😭😭 Ọkọ mi nìyẹn lórí Table Mountain. Ọ̀gá á dúró lókè, á gbé ọwọ́ sí ìbàdí. Bí mo bá ti dé ọ̀dọ̀ ẹ̀, ó ti tún gbéra.

AdùnníDurban
Ẹ̀gbọ́n mi tá a jọ ń lọ sọ́jà ńkọ́?

Adé_Windhoek
Ẹ jẹ́ kí n gbèjà àwa tá à ń sáré. Ẹ̀yin rò pé ó rọrùn láti fi máṣínì ńlá rìn ní 95 láti àárọ̀ dalẹ́? Oorun á máa kunni. Dídúró de èèyàn náà ń rẹni, ẹ má rò pé ìgbádùn ni.

Ọláìyá
Dídúró lábẹ́ igi, tòun ti ẹran lẹ́nu, ló ń rẹ ẹ́. Adé, ó ti yé wa.

Baba_Máṣínì
Ẹni tí máṣínì rẹ̀ kéré jù ni kó máa wà níwájú. Bí àwa ṣe ń ṣe é látijọ́ nìyẹn. Bí ẹ bá sì dé ìyànà, ẹni tó wà níwájú ò gbọdọ̀ yà títí á fi rí iná ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Ẹlòmíì ti sọnù sí Karoo, aginjù South Africa, torí ọ̀rẹ́ ẹ̀ yà, kò wẹ̀yìn.

Jagun_Gaborone
Mo ti jẹun tán.

Láti Nata dé Kasane, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 300 kìlómítà, kò sí ọgbà lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Àwọn erin ló nibẹ̀. Àwa méjì ti kọjá Pandamatenga, ọwọ́ ìrọ̀lẹ́, mo wá ń wo òkúta dúdú ńlá kan lọ́wọ́ òsì. Òkúta yẹn mi etí.

Mo fa bíréèkì, ọ̀rẹ́ mi náà fà á. Ibi tá a ti ń rò ó bóyá ká yí padà ni ọmọ erin náà ti jáde láti apá ọ̀tún, ó dúró sáàárín títì, ó ń fi ọwọ́ ìjà rẹ̀ fọwọ́ kan kọ́ńtà títì bí ọmọdé tó rí nǹkan tuntun. Ìyá lápá kan, ọmọ láàárín, àwa níwájú wọn. Ìyá gbé orí sókè, ó na etí méjèèjì síta. Ẹ̀yin tó mọ̀ ọ́n, ẹ mọ ohun tíyẹn ń sọ.

Ohun tó yọ wá ni tírélà kan tó ń ti Francistown bọ̀. Ó rọra dé, kò fun fèrè. Ọmọ erin ti kọjá sọ́dọ̀ ìyá ẹ̀ nígbà náà, àmọ́ ìyá ò kúrò. Awakọ̀ yẹn yọ ọwọ́ síta, ó ní ká bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ òun lápá ọ̀tún. Báyìí la ṣe fi tírélà bo ara wa, tí a sì rọra bá a rìn kọjá. Mo gbọ́ èémí erin yẹn láti ìhà kejì. Mo búra.

Aláìgbàgbọ́
O gbọ́ èémí erin, pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì tírélà àti ti máṣínì méjì. Ó dáa.

Jagun_Gaborone
Bí a bá rí erin, ká sọ pé a rí erin. Èmi ò sọ pé mo rí nǹkan fìrí.

Aláìgbàgbọ́
Mi ò jiyàn erin. Awakọ̀ tírélà tó ṣe sùúrù ni mò ń jiyàn.

Tẹ̀mí_CapeTown
😂😂😂 Ẹni tó bá ti gba Lagos-Ìbàdàn Expressway rí á bá ẹ jiyàn ẹ̀.

Adé_Windhoek
Àmọ́ ẹ paná ẹ́ńjìnnì àbí ẹ ò pa á? Wọ́n kọ́ èmi pé kí èèyàn má pa á.

Jagun_Gaborone
A ò pa á. Bí o bá pa á, tó bá wá kọ̀ láti jí ńkọ́?

Baba_Máṣínì
Ẹ dúró jìnnà. Ẹ má dúró sáàárín ìyá àti ọmọ. Ọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnnì ò tó èyí. Ẹ má sì rìn ní alẹ́ lójú ọ̀nà yẹn. Kì í ṣe erin nìkan, màlúù àti kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ náà máa ń sùn sórí kọ́ńtà torí ó ń móoru.

ÌbàdànLaWà
Ẹ jọ̀ọ́, kí ni BMW ń ṣe tí Bajaj ò lè ṣe? Mo mọ ọlọ́kadà kan ní Mọ́níyà tó ń gbé èrò mẹ́ta, àpò sìmẹ́ńtì kan àti ewúrẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà.

Baba_Máṣínì
Bajaj á dé Livingstone. Ìdí ẹ ni ò ní dé.

ÌbàdànLaWà
🤣🤣 Baba! Àmọ́ Kúnlé Adéyanjú gun alùpùpù láti London dé Èkó ní 2022, ó fi ń polongo ìgbógunti àrùn rọpárọsẹ̀. Sàhárà gan-an ló gbà kọjá. Ẹ̀yin ń bẹ̀rù Botswana tó ní kọ́ńtà.

Tẹ̀mí_CapeTown
Ìparí May ló wọ Èkó. Ní 1 June tó tẹ̀lé e ni Èkó fòfin de ọ̀kadà ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà. Orí yọ ọ́!

Aláìgbàgbọ́
Ọ̀kadà akérò ni wọ́n fòfin dè. Òfin yẹn ò kan tiẹ̀. Ẹ má máa da ọ̀rọ̀ pọ̀.

Tẹ̀mí_CapeTown
Àwàdà ni, sà.

Ọláìyá
Ẹ ò jẹ́ kí n parí tèmi. Ọ̀rọ̀ bọ́dà ló kù.

Ìwé Britain ni ọ̀rẹ́ mi ní, èmi ní aláwọ̀ ewé wa. Ní bọ́dà kan tí n ò ní dárúkọ, wọ́n lu òǹtẹ̀ tiẹ̀ kí n tó yọ ìbọ̀wọ́. Ti èmi, wọ́n yẹ̀ ẹ́ síhìn-ín, wọ́n yẹ̀ ẹ́ sọ́hùn-ún, wọ́n fi èékánná ha fíìsà inú ẹ̀ bóyá á ṣí. Fíìsà tí mo fi owó mi gbà, tí mo gbà kí n tó kúrò nílé! Wọ́n ní kí n lọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Mo jókòó títí òjìji igi fi yí kúrò lórí bẹ́ǹṣì náà.

Mo ń retí kí ọ̀gbẹ́ni yẹn sọ pé "Ó yá." Kò sọ ọ́. Ó gbé máṣínì ẹ̀ padà wá síwájú ọ́fíìsì, ó jókòó tì mí, ó yọ ẹran gbígbẹ ẹ̀, ó fún mi nínú ẹ̀. Nígbà tí wọ́n bi í léèrè ìdí tí kò fi máa lọ, ó ní òun ò mọ ọ̀nà, èmi ni mo mọ ọ̀nà. Irọ́ gbuu! Èmi tí mo ti ń tẹ̀ lé ẹ̀yìn ẹ̀ láti ilé.

AdùnníDurban
Ah. Mo ti dárí jì í o.

Tẹ̀mí_CapeTown
Èmi ò tíì dárí jì í. Ẹran yẹn, láti Palapye ló ti yẹ kó fún un.

Adé_Windhoek
Ní ti ìwé, Namibia ti bẹ̀rẹ̀ sí í gba fíìsà lọ́wọ́ àwọn ará Britain, Amẹ́ríkà àti Jámánì láti 1 April 2025. Àwọn náà ti ń tò.

Jagun_Gaborone
Mo ti ń retí ọjọ́ yẹn látìgbà tí wọ́n ti bí mi.

Fọláṣadé_Peckham
Ẹ ń yọ̀! Àwa tá a jẹ́ ọmọ Yorùbá tá a ní ìwé Britain ńkọ́? Àwa náà ń tò.

Jagun_Gaborone
Ẹ lọ wá ti Nàìjíríà yín tẹ́ ẹ jù sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Fọláṣadé_Peckham
Ìyẹn náà ń gba fíìsà.

Jagun_Gaborone
Ẹ káàbọ̀ sílé 🤝

Baba_Máṣínì
Ẹ̀yin tí ẹ ń gba afárá Kazungula lónìí ò mọ ohun tójú àwa rí. Ọkọ̀ ojú omi ló ń gbé èèyàn, ọkọ̀ àti tírélà sọdá odò Zambezi láàárín Botswana àti Zambia nígbà náà, tírélà á tò lọ bí ilẹ̀ bí ẹní. May 2021 ni wọ́n ṣí afárá yẹn, 923 mítà. Ẹ wò ó dáadáa bí ẹ bá dé ibẹ̀, ó wọ́, kò lọ tààrà, torí wọn ò fẹ́ kó gba ilẹ̀ Zimbabwe kọjá.

LágbájáÈkó
Ìbéèrè kékeré: ọwọ́ òsì ni wọ́n ń rìn níbẹ̀? Báwo lẹ ṣe ń ṣe é?

Baba_Máṣínì
Nàìjíríà náà, ọwọ́ òsì la ń rìn títí di 2 April 1972. Èmi ò lẹ́kọ̀ọ́ kankan láti kọ́, mo kàn padà síbi tí mo ti bẹ̀rẹ̀ ni.

AdùnníDurban
Èmi ò wa nǹkan kan o, ẹ̀yìn ni mo jókòó sí. Ọ̀rẹ́ mi obìnrin ló gbé mi gun Sani Pass wọ Lesotho. Òkè yẹn ga tó 2,876 mítà. Ọ̀nà ẹ̀ ń lọ́ mọ́ ara ẹ̀ ni, òkúta wẹ́wẹ́ ló sì kún un, July la sì lọ, yìnyín wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà! Ní gbogbo ìyànà, ó máa ń sọ pé "Adùnní, má fi ara ṣe ohunkóhun." N ò ṣe ohunkóhun. N ò tiẹ̀ mí. Àwọn darandaran Basotho wọ búláńkẹ́ẹ̀tì, wọ́n jókòó lórí ẹṣin, wọ́n kàn ń wò wá. Ọ̀kan ní ká dúró káwọn àgùntàn ẹ̀ kọjá, ní ibi tó dagun jù! Bí a ṣe dé òkè, ó paná máṣínì, ó bú sẹ́kún, ó wá ní òun lọ mu tíì.

LágbájáÈkó
Obìnrin ló gbé ẹ gun ibẹ̀?

AdùnníDurban
Rárá, àgùntàn ni.

ỌmọAkin_Jozi
😂😂 Ẹ dákun, ẹ ràn mí lọ́wọ́ lórí yanrìn Namibia. Wọ́n ní ọ̀nà C14 ò ní kọ́ńtà.

Adé_Windhoek
Òkúta wẹ́wẹ́ ni púpọ̀ nínú ẹ̀, yanrìn wà níbòmíì. Dìde lórí ẹsẹ̀, wo iwájú, má wo táyà, má sì déédéé fa bíréèkì iwájú. Ibi tó bá ti ṣe gbágungbàgun, ìwọ̀n 80 ló máa ń rọ̀ jù, bó o bá falẹ̀ á gbọ̀n ẹ́ dé eyín. Ní yanrìn, tú afẹ́fẹ́ táyà sílẹ̀ dé 1.5 bar. Bó o bá dé abúlé Solitaire, jẹ páì ápù wọn tó lókìkí. Ọgbà ẹranko Etosha ní tiẹ̀, ẹ má da ara yín láàmú, wọn kì í jẹ́ kí alùpùpù wọlé.

Jagun_Gaborone
Má tú afẹ́fẹ́ kankan sílẹ̀. Òkúta C14 á bá ẹ fọ́ rímù.

Adé_Windhoek
Ibi yanrìn ni mo wí.

Jagun_Gaborone
Ó fẹ́ máa sọ̀ kalẹ̀ tú u, kó tún máa fẹ́ ẹ padà ní gbogbo kìlómítà?

Adé_Windhoek
Bẹ́ẹ̀ ni. Ohun tí a ra páńpù sí nìyẹn.

Baba_Máṣínì
Ìwọ Akin, máṣínì wo lẹ tiẹ̀ fẹ́ gùn?

ỌmọAkin_Jozi
Èmi, Himalayan, máṣínì kékeré. Ọ̀rẹ́ mi, BMW 1250.

Ọláìyá
Yéèpà.

Tẹ̀mí_CapeTown
Ra ẹran gbígbẹ tìẹ dání, ọmọ ìyá mi.

Jagun_Gaborone
Kó má jẹ́ ẹran tútù o. Àwọn ọgbà ìdènà wà ní Botswana tí wọ́n ti ń yẹ ẹrù wò torí àrùn ẹsẹ̀ àti ẹnu màlúù, wọ́n á gbà á. Wọ́n á tún ní kó o sọ̀ kalẹ̀ fi bàtà tẹ ìtẹ́lẹ̀ tí wọ́n rẹ sínú oògùn. Bí o bá fẹ́ ẹran jẹ, ra kòkòrò mopane lójú ọ̀nà.

LágbájáÈkó
Kòkòrò kẹ̀?

ÌbàdànLaWà
Kànní ńkọ́, tí wọ́n ń jẹ nílé? Ìran kan náà ni. Má ṣe bí òyìnbó.

Adé_Windhoek
Ti ibí tóbi jù kànní lọ. Wọ́n máa ń fi tòmátì àti àlùbọ́sà dín in, mo fi jẹ ẹ̀bà, ó bọ́ sí i.

Fọláṣadé_Peckham
Dúró ná, níbo lo ti rí gààrí ní Windhoek?

Adé_Windhoek
Ìyá kan wà tó ń tà á níbí, ó tún ní èlùbọ́ àti ẹ̀gúsí. Ẹ bọ́ sí ìkọ̀kọ̀, màá júwe ibẹ̀.

ỌmọAkin_Jozi
Ẹ júwe ẹ̀ fún èmi náà o. August ò jìnnà mọ́.