Encomienda: ṣé ìwọ̀fà ni?

Ẹ̀yin èèyàn wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ̀gbọ́n wa tó dábàá pé ká pe encomienda, ètò tí àwọn ará Sípéènì fi ń kó àwọn onílẹ̀ Amẹ́ríkà ṣiṣẹ́ láyé àtijọ́, ní "ìwọ̀fà" lédè wa, mo kí yín, àmọ́ mi ò fara mọ́ ọn.

Gbèsè ló ń bí ìwọ̀fà. Èèyàn á yáwó, á fi ara rẹ̀ tàbí ọmọ rẹ̀ sin olówó; ọjọ́ tí owó bá pé, ìwọ̀fà á gba ilé lọ. Kí ni àwọn Taíno, onílẹ̀ erékùṣù Hispaniola ní òkun Caribbean, yá lọ́wọ́ Columbus, atukọ̀ tó kó àwọn ará Sípéènì débẹ̀? Ní 1495 ló bu ìṣákọ́lẹ̀ lé wọn: níbi tí wúrà wà, ẹni tó bá ti pé ọmọ ọdún 14 gbọ́dọ̀ kó wúrà ẹ̀kún ṣaworo kan wá ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta, irú ṣaworo tí wọ́n ń so mọ́ àṣá lẹ́sẹ̀. Ẹni tó bá san, á so àmì mọ́rùn.

Encomienda tẹ̀ lé e láyé gómìnà Ovando. Wọ́n á ka àwọn èèyàn abẹ́ baálẹ̀ kan, wọ́n á fi wọ́n lé ọmọ Sípéènì kan lọ́wọ́: kí wọ́n máa ṣiṣẹ́ fún un, kí òun máa kọ́ wọn ní ẹ̀sìn Kátólíìkì. Òfin Burgos tí Sípéènì ṣe ní 1512 ní kí wọ́n lo oṣù márùn-ún nídìí kùsà, kí wọ́n sì fi 40 ọjọ́ sinmi. Òfin nìyẹn o.

"Ẹrú" náà ò bọ́ sí i, torí òfin ò gbà kí wọ́n tà wọ́n, bí ẹni tó ń kú lọ nínú kòtò wúrà ò tiẹ̀ mọ ìyàtọ̀. "Ìṣákọ́lẹ̀" tí mo lò lókè yẹn gan-an ò dọ́gba: àlejò ló ń san án fún onílẹ̀ lọ́dọ̀ tiwa, níbí onílẹ̀ ló ń san án fún àlejò! Ajẹ́lẹ̀ sún mọ́ ọn díẹ̀, àmọ́ ọba ni ajẹ́lẹ̀ ń gbà á fún. Àwọn ọmọ Sípéènì wọ̀nyí ń gba tiwọn sápò.

Èmi dábàá "ìfènìyàntọrẹ". Ẹ dán an wò: "Àlùfáà Las Casas náà jẹ nínú ìfènìyàntọrẹ, kó tó yọwọ́ níbẹ̀ ní 1514." Ó ń lọ geere. Orúkọ ẹni tó gba ọrẹ ló kù ká wá. "Ọlọ́rẹ" ò lè ṣe é, ẹni tó fúnni nìyẹn. Ṣé ẹ gba "agbènìyànlọ́rẹ"?