"Adìkookò" ni mo fara mọ́, ẹ sì wá Ginger Snaps wò

Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ló wà nílẹ̀ báyìí fún ẹ̀dá inú sinimá adẹ́rùbani tí Òyìnbó ń pè ní werewolf, ènìyàn tó ń di ìkookò: "ọkùnrin-ìkookò", "aparadà" àti "adìkookò". Adìkookò ni mo fara mọ́. Ẹni tó bá fẹ́ rí ìdí rẹ̀ kedere, kó wá Ginger Snaps wò. Eré Kánádà ni, ọdún 2000 ló jáde. John Fawcett ló darí rẹ̀, Karen Walton ló kọ ọ́. Owó péréte ni wọ́n fi ṣe é lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn eré Hollywood, ṣùgbọ́n n kò tíì rí eré tó dára jù ú lọ láti fi dán ọ̀rọ̀ wọ̀nyí wò.

"Ọkùnrin-ìkookò" ló kọ́kọ́ ṣubú. Òótọ́ ni pé "wer" nínú Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ túmọ̀ sí ọkùnrin, "wulf" sì ni ìkookò. Ṣùgbọ́n ọmọbìnrin ni Ginger, ẹni tó ń di ìkookò nínú eré náà o. Bí a bá sì fi "ènìyàn" rọ́pò "ọkùnrin", èébú ló máa dà: ẹni tó bá gbọ́ "ènìyàn ìkookò" á rò pé ìkà kan là ń bú.

"Aparadà" ló ṣòro jù láti kọ̀, nítorí ó ti wà lẹ́nu wa. Ẹ tú u wò: a-pa-ara-dà. Ara ẹ̀dá náà ló pa dà, ọwọ́ ara rẹ̀ ló sì fi ṣe é. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí nínú ìtàn àwọn ọdẹ. Ẹfọ̀n tàbí àgbọ̀nrín á bọ́ awọ rẹ̀, á fi í pamọ́, á di arẹwà obìnrin, á lọ ná ọjà. Nígbà tó bá wù ú, á gbé awọ wọ̀, á padà sígbó. Ginger kò ní awọ kankan láti bọ́. Ẹranko kan bù ú jẹ lálẹ́ ọjọ́ tó kọ́kọ́ ṣe nǹkan oṣù. Ọgbẹ́ náà jinná kíákíá, ni irun líle bá bẹ̀rẹ̀ sí í hù lójú ọgbẹ́ náà. Nígbà tó yá, ìrù yọ. Kò pa ara rẹ̀ dà. Ó ń ṣẹlẹ̀ sí i ni, díẹ̀díẹ̀, bí àìsàn tó ń wọ ara lọ. Adìkookò, a-di-ìkookò, ló bá èyí mu. A lè sọ pé "ó ń dìkookò", "ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dìkookò tán", kí a sì pe ìyípadà náà ní "ìdìkookò".

Àwọn kan lè ní adìkookò náà kò bá a mu, pé àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ "a-" máa ń tọ́ka sí ẹni tó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe nǹkan. Ta ni afọ́jú tó fọ́ ojú ara rẹ̀?

Ohun kan tún wà tí ẹni tó bá fẹ́ túmọ̀ eré náà kò gbọ́dọ̀ sọnù. Eré yìí so nǹkan oṣù mọ́ òṣùpá. Èdè wa ti so wọ́n pọ̀ tipẹ́, nítorí oṣù tó ń lé lójú ọ̀run náà ni oṣù tí a ń kà. Ẹ má ṣe fi àdàpè kankan bo "nǹkan oṣù" níbẹ̀.

Fàdákà tí wọ́n máa ń fi ṣẹ́gun adìkookò nínú sinimá kò ṣiṣẹ́ nínú eré náà: wọ́n fi òrùka rẹ̀ gún ìdodo Ginger, kò ràn án. Òdòdó olóró monkshood ni wọ́n yíjú sí lẹ́yìn náà, tí wọ́n ń fi abẹ́rẹ́ fa oje rẹ̀ sára ẹni tó ní àrùn náà. Ibi tí owó ti hàn pé kò tó ni òpin, nígbà tí ẹranko náà bá ti jáde tán. Bí iná bá ti mọ́lẹ̀ sí i lára jù, rọ́bà tí wọ́n fi ṣe é á hàn. Dog Soldiers ti Neil Marshall, ti ọdún 2002, mọ́gbọ́n dá sí i: Ryan, ọ̀gá ológun kan nínú rẹ̀, ṣubú sẹ́yìn tábìlì, ìkookò ló dìde. Mo fẹ́ràn rẹ̀ gan-an, àmọ́ ìyípadà rẹ̀ yá jù láti fi dán ọ̀rọ̀ wò.

Bí a ó ṣe máa kọ ọ̀rọ̀ náà ló kù. Àmì ohùn sábà máa ń já bọ́ nínú ọ̀rọ̀ tó ń hàn nísàlẹ̀ àwòrán. Bí ẹ bá wá fi "o" kan ṣoṣo kọ ọ́, "adikoko", ìkòkò ọbẹ̀ ni òǹkàwé máa rí. "O" méjì láàárín, ọ̀kan ní ìparí: adìkookò.