"Kòkòrò inú" kọ́ lorúkọ bakitéríà ìfun

Ẹ̀yin àgbà, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo rí i pé wọ́n dábàá ọ̀rọ̀ Yorùbá fáwọn ọ̀rọ̀ ìṣègùn kan: "kòkòrò inú" fún àwọn bakitéríà tó ń gbénú ìfun wa, "oògùn inú ewé" fún èròjà bíi polyphenol tó máa ń wà nínú ewéko àti èso, àti "inú wíwú" fún àìsàn IBD (inflammatory bowel disease), ìyẹn àìsàn ìfun tó máa ń pẹ́ lára. Mi ò fara mọ́ ìkankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Téèyàn bá gbọ́ kòkòrò inú, aràn ló máa wá sí i lọ́kàn, oògùn tó máa pa á ló sì máa béèrè. Bẹ́ẹ̀ àwọn bakitéríà yìí gan-an la nílò! Èyí tó pọ̀ jù nínú polyphenol téèyàn bá jẹ kì í gba ìfun kékeré wọnú ẹ̀jẹ̀, ìfun ńlá ló ń bọ́ sí, ibẹ̀ ni bakitéríà ti ń gé e wẹ́wẹ́ di nǹkan míì. Ẹ wo ellagitannin, irú polyphenol kan tó wà nínú èso pomegranate àti walnut, bakitéríà bíi Gordonibacter ló ń bá wa sọ ọ́ di èròjà míì tó ń jẹ́ urolithin, ẹni tí ò bá wá ní irú wọn nínú ìfun, ì báà jẹ ẹ́ látàárọ̀ dalẹ́, kò lè rí urolithin kankan níbẹ̀. Ewéko nìkan kọ́ ló ń ṣiṣẹ́ yẹn, kí ló wá dé tá a fẹ́ pe polyphenol lóògùn? "Èròjà inú ewéko" ti tó.

Ti "inú wíwú" ló dùn mí jù, torí ẹni tómi kún inú ẹ̀ là ń sọ bẹ́ẹ̀ fún. IBD pín sí Crohn's, tó lè mú ibikíbi látẹnu dé ihò ìdí, àti ulcerative colitis tí kì í kúrò ní ìfun ńlá. Ara ìfun lọ́hùn-ún ló ń wú, tó ń pọ́n, tó ń degbò, tẹ́ni náà á fi máa yàgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀. "Àrùn ìfun wíwú ọlọ́jọ́pípẹ́" ni mo fara mọ́. Ẹni tó ní ká pè é ní ìgbẹ́ ọ̀rìn, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀, àkóràn ló ń fa ìyẹn, àmọ́ nínú IBD, ohun tó yẹ kó máa gbèjà ara ló ń bá ìfun jà.

Fún gbogbo bakitéríà ìfun lápapọ̀, mo rò ó sí "agbo bakitéríà", àmọ́ tá ò bá fàmì ohùn sí i, "àgbo" làwọn èèyàn máa kà, pàápàá níbi tá a ti ń sọ̀rọ̀ ewé. Ta ló ní èyí tó dáa jù bẹ́ẹ̀ lọ?