Fífi ẹ́ńjìnnì tó fúyẹ́ rọ́pò èyí tó wúwo nínú ọkọ̀ onígbòkun àtijọ́

Ìbéèrè

Mo kí gbogbo ẹ̀yin tí ẹ mọ tinú-tòde ọkọ̀ ojú omi. Ọkọ̀ onígbòkun kékeré kan wà lọ́wọ́ mi. Fáíbà ni wọ́n fi ṣe é ní nǹkan bí ọdún 1974, gígùn rẹ̀ lé díẹ̀ ní mítà 8, ìwọ̀n rẹ̀ sì tó tọ́ọ̀nù 3. Ẹ́ńjìnnì Atomic 4 tó ń lo bẹntiróòlù ni wọ́n gbé sínú rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ìpata ti jẹ ojú ọ̀nà omi inú rẹ̀ kọjá àtúnṣe, mo sì fẹ́ fi ẹ́ńjìnnì dísù kékeré rọ́pò rẹ̀. Ti àtijọ́ tó nǹkan bíi kìló 150. Tuntun náà kò ju 80 lọ. Nítorí pé apá ìdí ọkọ̀, ìyẹn ẹ̀yìn rẹ̀, ni ẹ́ńjìnnì jókòó sí, ẹ̀rù ń bà mí pé bí kìló 70 bá kúrò níbẹ̀, iwájú ọkọ̀ yóò tẹ̀ wọ inú omi, kò sì ní fẹ́ gbọ́ràn sí ìtọ́kọ̀ mọ́. Wọ́n ní kí n kó òjé sí àyè tó ṣófo náà. Ṣé ọ̀nà tó tọ́ nìyẹn?

Èsì kìíní

Ìwọ̀n nìkan kọ́ ni kí ẹ gbé yẹ̀ wò. Ibi tí ìwọ̀n náà jókòó sí ló ń sọ bí ọkọ̀ yóò ṣe tẹ̀. Ojú kan wà nítòsí àárín ọkọ̀ tó jẹ́ pé orí rẹ̀ ni iwájú àti ìdí ti ń gbéra, tí ọ̀kan bá gòkè, tí èkejì á sì sọ̀ kalẹ̀. Ẹ wọn bí ẹ́ńjìnnì ti jìnnà sí ojú yẹn tó, kí ẹ sì fi ìwọ̀n ẹ́ńjìnnì sọ iye mítà náà di púpọ̀. Bí ó bá jẹ́ mítà 2, ti kìló 150 jẹ́ 300, ti kìló 80 jẹ́ 160. Ìyàtọ̀ 140 yẹn ni ẹ ń wá bí ẹ ó ṣe dí.

Ní ti ọkọ̀ tó tóbi tó tiyín, mo rò pé ẹ̀rù náà ti pọ̀ ju ọ̀rọ̀ lọ. Bí ojú tí ọkọ̀ fi gba omi bá fẹ̀ tó mítà onígun mẹ́rin mẹ́wàá, nǹkan bíi kìló 102 ni omi òkun fi ń gbé sẹ̀ǹtímítà kan ṣoṣo, nítorí náà odindi ọkọ̀ kò ní gòkè tó sẹ̀ǹtímítà kan. Iwájú yóò sọ̀ kalẹ̀ ní bíi sẹ̀ǹtímítà kan sí méjì, ìdí yóò sì gòkè ní ìwọ̀n bẹ́ẹ̀. Ìyẹn kò ní kí ọkọ̀ má gbọ́ràn sí ìtọ́kọ̀.

Èsì kejì

Mo fara mọ́ ìṣirò yẹn, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ wo bí ọkọ̀ náà ṣe jókòó sínú omi lónìí. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ọlọ́jọ́ pípẹ́ ni ìdí wọn ti rì ju bí ẹni tó ya àwòrán wọn ṣe fẹ́ lọ, torí pé lẹ́yìn ni gbogbo ọlọ́kọ̀ ń kó ẹrù sí: bátìrì kejì, kẹ́ẹ̀gì epo, àtẹ̀gùn irin, okùn tí ẹnikẹ́ni kò lò mọ́. Bí tiyín bá wà lára wọn, ẹ́ńjìnnì tó fúyẹ́ ń tún ọkọ̀ ṣe fún yín ni, òjé yóò sì ba àtúnṣe náà jẹ́.

Ẹ dán an wò kí ẹ tó gé ohunkóhun. Lọ́jọ́ tí omi pa rọ́rọ́, tí ẹnikẹ́ni kò sí nínú ọkọ̀, ẹ wọn láti etí ọkọ̀ dé ojú omi níwájú àti ní ìdí, kí ẹ sì fi téèpù sàmì sí ibi tí omi dé. Nígbà tí wọ́n bá ti gbé ẹ́ńjìnnì àtijọ́ jáde, ẹ to kẹ́ẹ̀gì omi onílítà 20 mẹ́rin sí ojú ibi tó wà; kìló 80 nìyẹn, ìwọ̀n tuntun náà gan-an. Ẹ tún wọn ọ́n. Lẹ́yìn náà ẹ máa fi kẹ́ẹ̀gì kún un lọ́kọ̀ọ̀kan títí omi yóò fi padà sí téèpù, ẹ ó sì mọ iye tó kù láti fi dí i, bí ó bá kù rárá.

Èsì kẹta

Bí nǹkan bá kù, ẹ má ṣe ra òjé. Ẹ jẹ́ kí bátìrì ṣe iṣẹ́ náà, kí ó wà nísàlẹ̀ pátápátá, kí ẹ sì fi bẹ́líìtì dè é tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi ní yẹsẹ̀ bí ọkọ̀ bá tilẹ̀ dojú dé. Ẹ má torí pé ẹ fẹ́ kí ó ṣiṣẹ́ ju ìwọ̀n rẹ̀ lọ gbé e lọ sí ìpẹ̀kun ìdí ọkọ̀: bí ìwọ̀n kan bá jìnnà sí àárín ọkọ̀ ní ìlọ́po méjì, ipa rẹ̀ láti mú kí ọkọ̀ ṣòro dá dúró bí ìgbì bá ń gbé e sókè-sódò á di ìlọ́po mẹ́rin. Bákan náà, ẹ má gbára lé táńkì dísù. Lítà 50 wúwo tó nǹkan bíi kìló 42, ṣùgbọ́n ó ń fúyẹ́ bí ẹ ti ń rìn.

Ohun tó ń dùn mí jù ni pé àwọn ènìyàn máa ń gbájú mọ́ ìwọ̀n, wọ́n á sì gbàgbé àwọn ohun tó lè ba ẹ́ńjìnnì tuntun jẹ́. Ẹ rí i dájú pé ọ̀nà sàlẹ́ńsà gòkè dáadáa ju ojú omi lọ kí ó tó sọ̀ kalẹ̀ síta, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, omi òkun yóò wọ inú ẹ́ńjìnnì. Púpọ̀ nínú Atomic 4 ló ń yí pọ̀rọ̀pẹ́là, ìyẹn abẹ́ tó ń ti ọkọ̀ lọ nínú omi, sí apá òsì. Dísù yín lè máa yí i sí ọ̀tún, ìyẹn sì túmọ̀ sí pọ̀rọ̀pẹ́là tuntun. Ẹ má sì parí títo ṣáàfù, ìyẹn ọ̀pá tó so ẹ́ńjìnnì mọ́ pọ̀rọ̀pẹ́là, lórí ilẹ̀: fáíbà máa ń yí padà díẹ̀ bí omi bá gbé e. Ẹ jẹ́ kí ọkọ̀ wà lórí omi fún ọjọ́ mélòó kan ná, kí ẹ tó tò ó kí àlàfo ojú ìsopọ̀ má ju ìdá kan nínú mẹ́wàá mìlímítà lọ.

Olùbéèrè

Ẹ ṣeun gan-an. Ìdí ọkọ̀ náà ti rì tẹ́lẹ̀ lóòótọ́. Àwọ̀ ewé inú omi ti ga ju ìlà ọ̀dà lọ níbẹ̀, mi ò kà á sí ni. N ó wọn ọ́n, n ó fi kẹ́ẹ̀gì dán an wò, n ó sì béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń ta dísù náà nípa ọwọ́ tí ṣáàfù rẹ̀ ń yí sí kí n tó sanwó.